Ṣé Kí A Fi 'Ṣe Bí Ọkùnrin' Sílẹ̀? Àyẹ̀wò Akọ, Abo àti Ìgboyà Lẹ́nu Olùkọ́ Èdè Yorùbá

Ìfáárà

Ilẹ̀ tí Haúsá ti jẹ́ èdè ọjà ni kọ́lẹ́ẹ̀jì wa wà. Nítorí náà, ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni díẹ̀ tí àwọn òbí Yorùbá pọ̀ sí ni a máa ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lọ fún ìdánrawò ìkọ́ni. Ní sáà kan, a lọ wo ọ̀kan nínú wọn tó ń kọ́ kíláàsì kẹta. Ìkíni ní ilẹ̀ Yorùbá ni iṣẹ́ ọjọ́ náà. Ọmọkùnrin kan jókòó sẹ́yìn, ó fi ọwọ́ ọ̀tún di apá òsì rẹ̀ mú, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ti já bọ́ lórí igi máńgòrò nígbà ìsinmi ráńpẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ wa, ọmọ dáadáa ni, kò nà án, kò sì bú u. Ó fọwọ́ kàn án lórí, ó ní, 'Dákẹ́, ọkùnrin kì í sunkún. Àbí obìnrin ni ẹ́ ni?' Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ náà nu ojú rẹ̀, ó dákẹ́, iṣẹ́ sì ń lọ. A fún akẹ́kọ̀ọ́ wa ní máàkì tó jọjú lórí bí ó ṣe káwọ́ kíláàsì rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì ni a gbọ́ pé eegun apá ọmọ náà ti ṣẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì mọ̀ títí di alẹ́ tí ìyá rẹ̀ fẹ́ wẹ̀ fún un.

Máàkì yẹn ló bí iṣẹ́ yìí. Àwa náà wà níbẹ̀, a gbọ́ gbólóhùn náà, etí wa kò tilẹ̀ ta sí i. Ohun tí àwọn òbí wa sọ fún wa ni, ohun tí a sọ fún àwọn ọmọ tiwa náà ni.

Ìbéèrè wa kò ṣòro láti gbé kalẹ̀. Ǹjẹ́ ó yẹ kí a jáwọ́ nínú 'ṣe bí ọkùnrin', 'ọkùnrin kì í sunkún', 'obìnrin bí ọkùnrin', 'ọkùnrin mẹ́ta' àti àwọn ẹgbẹ́ wọn? Ìdáhùn méjì ni a sábà máa ń gbọ́ ní irú àpérò báyìí. Àwọn kan á ní kí a kó gbogbo rẹ̀ dànù. Àwọn mìíràn á ní ogún àwọn baba ńlá wa ni, ẹni tó bá fọwọ́ kàn án fẹ́ ba èdè jẹ́ ni. Kò sí èyí tó tẹ́ wa lọ́rùn nínú méjèèjì, nítorí wọ́n jọ gbà pé iṣẹ́ kan náà ni gbogbo àwọn ìlò wọ̀nyí ń ṣe. Èrò tiwa ni pé èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ kò fohùn ṣọ̀kan lórí ọ̀rọ̀ yìí, àti pé èyí tó yẹ kí ó kọ́kọ́ kúrò lẹ́nu olùkọ́ ni èyí tó ń pa ọmọ lẹ́nu mọ́.

Iṣẹ́ tí 'akọ' ń ṣe

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ náà, akọ. Àárín ẹran ni akọ àti abo ti fìdí múlẹ̀ jù, ṣùgbọ́n Yorùbá ti mú akọ jìnnà sí agbo ẹran. Òkúta tí kò ṣeé fọ́ bọ̀rọ̀, akọ òkúta ni. Ibà tó gbé ènìyàn dè mọ́lẹ̀, akọ ibà ni. A ní akọ iṣẹ́, a sì ní akọ ọ̀rọ̀, èyí tí a kò lè fi ẹnu dídùn gbé kalẹ̀ fún ẹni tó kàn. Nínú gbogbo wọn, akọ dúró fún líle àti àìgbọ̀jẹ̀gẹ́.

Kì í ṣe Yorùbá nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹlẹgbẹ́ wa kan ní ẹ̀ka èdè Haúsá, tí a jọ máa ń mu tíì lọ́sàn-án, rán wa létí pé bí ẹnìkan bá sa gbogbo ipá rẹ̀, àwọn Haúsá á ní ó ṣe namijin ƙoƙari, ìyẹn akọ ìgbìyànjú. Orógbó pàápàá, namijin goro ni wọ́n ń pè é, akọ obì. Ó le, ó korò, kò sì láwẹ́. Ẹlẹgbẹ́ wa bi wá bóyá gbogbo ohun tó bá ti korò ni ọkùnrin. A rẹ́rìn-ín, a kò dá a lóhùn.

Bí ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀, àwọn tó ní kí a kó gbogbo rẹ̀ dànù ì bá jàre. Kò parí síbẹ̀. Ẹ bi àgbẹ̀ léèrè ohun tí akọ ìbẹ́pẹ jẹ́. Igi tó ga ni, tó tanná rẹpẹtẹ, tí kò so nǹkan kan tó ṣeé gbé wálé. Àgbẹ̀ kì í yìn ín. Àdá ni í fi í kí i.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀-ìṣe náà, ṣakọ. 'Ṣe' àti 'akọ' ló para pọ̀ di ọ̀rọ̀ kan. Bí a bá tẹ̀lé ọgbọ́n tó wà nínú 'ṣe bí ọkùnrin', ìyìn ló yẹ kí ṣakọ jẹ́. Ẹ gbọ́ bí a ṣe ń lò ó ná. Ẹni tó ń ṣakọ ń ṣe fáàrí ni, ó ń yangàn, ó ń gbéra ga lórí ohun tí kò ju ti ẹlòmíràn lọ. 'Má wulẹ̀ ṣakọ sí mi' kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a ń sọ fún ẹni tí a bọ̀wọ̀ fún. Obìnrin náà sì lè ṣakọ, kò sí ẹni tí yóò sọ pé gbólóhùn náà kò bójú mu. Ìyẹn ni pé èdè tó ní kí ọmọ ṣe bí ọkùnrin ti ní ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ láti fi bẹnu àtẹ́ lu ẹni tó bá ṣe é ní àṣejù. A ti ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ NCE láti ìgbà pípẹ́, a kò rántí ìdánwò kan tí a ti ní kí wọ́n fi 'ṣakọ' àti 'ṣe bí ọkùnrin' wéra. Àléébù tiwa nìyẹn.

Àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ló wá yani lẹ́nu jù. Ṣọ́ọ̀ṣì o, mọ́sálásí o, ibi ìnáwó o, ẹ ó gbọ́ ọ ní oṣù kìn-ín-ní: 'Ọdún yìí á yabo fún wa.' Ọdún tó yabo ni ọdún tó tuni lára, tí oúnjẹ pọ̀ nínú rẹ̀, tí òkú òfò kò wọ́pọ̀. Kò sí ẹni tó ń gbàdúrà pé kí ọdún yakọ. Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí náà tọ́ka sí irú ìlò yìí nínú The Invention of Women tó tẹ̀ jáde ní 1997, a ó sì padà sí ìwé náà láìpẹ́. Ẹ kò sì gbọdọ̀ gbàgbé àwọn onílù. Nínú ọ̀wọ́ dùndún àti ti bàtá, ìlù tó ń darí, tó ń fọhùn, tí àwọn yòókù ń tẹ̀lé, ìyá ìlù ni. Ọkùnrin ló sábà ń gbé e kọ́rùn, kò sì sí ìgbà tí orúkọ yẹn tì í lójú.

Nítorí náà, akọ le lóòótọ́, ṣùgbọ́n Yorùbá kò gbà pé ohun tó le ló dára nígbà gbogbo. A kò rí ìdí kankan tí a ó fi ní kí ẹnikẹ́ni má pe akọ òkúta ní akọ òkúta mọ́. Kò sí ọmọ tí ó ń pa lẹ́nu mọ́.

'Obìnrin bí ọkùnrin'

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti nira fún wa, nítorí ìyìn ni.

Ní ọjọ́ tí a ń ṣe ayẹyẹ ìfẹ̀yìntì fún ẹ̀gbọ́n wa obìnrin kan tó ti jẹ olórí ẹ̀ka rí, alága ìjókòó dìde, ó ní obìnrin bí ọkùnrin ni wọ́n. Gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Nígbà tó kan ẹ̀gbọ́n láti dúpẹ́, wọ́n ní, 'Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ṣùgbọ́n n kò mọ ọkùnrin tí mo fi jọ nínú ilé yìí o. Ọmọ mẹ́rin ni mo ń pọ̀n tí mo fi ń ṣe é.' Gbọ̀ngàn tún pàtẹ́wọ́. Ó hàn sí wa pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ.

Ẹ jẹ́ kí a gbé e lọ sínú lítíréṣọ̀. Eré onítàn Akínwùmí Ìṣọ̀lá, Ẹfúnṣetán Aníwúrà, tó tẹ̀ jáde ní 1970, wà lára ìwé tí ọ̀pọ̀ jù lọ akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ti kà. A kò lè ka iye ìgbà tí wọ́n ti kọ ọ́ fún wa nínú ìdánwò pé 'obìnrin bí ọkùnrin ni Ẹfúnṣetán'. Bí a bá ní kí wọ́n ṣàlàyé, wọ́n á ní ó láyà, ó lówó, ó lẹ́rú, ọkùnrin ń bẹ̀rù rẹ̀. A máa ń fún wọn ní máàkì kíkún. Ìtúpalẹ̀ wo gan-an ni a ń san ẹ̀san fún? Ẹ wo ohun tí òǹkọ̀wé gbé ìwà ìkà obìnrin náà kà. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí kú lórí ìkúnlẹ̀. Láti ìgbà náà ló ti ṣòfin pé ẹrú òun kankan kò gbọdọ̀ bímọ, ẹrúkùnrin kò sì gbọdọ̀ fún obìnrin lóyún. Nígbà tí Adétutù lóyún fún Ìtáwuyì, ikú ni ìdájọ́ rẹ̀. Ìbànújẹ́ abiyamọ ló di májèlé. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti kọ 'bí ọkùnrin', ó ti fo ìdí eré náà kọjá, nítorí ọ̀fọ̀ ọmọ tó kú lórí ìkúnlẹ̀ kì í ṣe ohun tí a lè fi wé ìwà ọkùnrin kankan. Gbólóhùn náà ti dá akẹ́kọ̀ọ́ lóhùn kí ó tó bèèrè ohunkóhun. Àléébù rẹ̀ nínú ìtúpalẹ̀ lítíréṣọ̀ nìyẹn, kí a tó sọ bóyá ó tọ́ sí obìnrin tàbí kò tọ́.

Ti ìtàn gan-an kò jọ bẹ́ẹ̀ délẹ̀. Ìwé ìtàn Samuel Johnson, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, sọ bí Látóòsà, Ààrẹ Ìbàdàn, ṣe gba oyè lọ́wọ́ Ẹfúnṣetán ní 1874, tí wọ́n sì pa á lọ́dún náà. Oníṣòwò ńlá ni. Ọjà àti oko ni agbára rẹ̀ ti wá, àwọn ológun sì ń jẹ ẹ́ ní gbèsè. Bọ́lánlé Awẹ́, onímọ̀ ìtàn, ti kọ̀wé lórí oyè Ìyálóde gẹ́gẹ́ bí ipò nínú ìṣèlú ìlú. Ẹ kíyè sí orúkọ oyè náà: ìyá ni. Ìbàdàn kò sọ ọ́ di bàbá kí wọ́n tó fún un láyè láàárín àwọn jagunjagun.

Àwọn kan á ní òyìnbó ló kó gbogbo wàhálà yìí dé. Oyěwùmí jiyàn pé ọjọ́ orí àti ipò àgbà ló ń darí àjọṣe Yorùbá, pé kí àwọn òyìnbó tó dé, ọkùnrin àti obìnrin kì í ṣe ẹni òkè àti ẹni ìsàlẹ̀. A ti jẹ àǹfààní púpọ̀ nínú ìwé náà. Ta ni kò mọ̀ pé ìyàwó ilé á máa pe ọmọ-ọwọ́ obìnrin inú agbolé ọkọ rẹ̀ ní 'ọkọ mi'? Ṣùgbọ́n bó bá di ti ogun àti ìgboyà, a kò lè bá a dé òpin. Ní oṣù kẹta ọdún 1851, ogun Dàhómì dé ẹnu odi Abẹ́òkúta, àwọn obìnrin ológun sì wà lára wọn. Ìtàn tí a ń sọ ni pé nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá rí i pé obìnrin ló ń bá wọn jà, inú bí wọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n ní àwọn kò ní gbọ́ ọ pé obìnrin ló ṣẹ́gun àwọn. Ẹ wá gbọ́ ti òdìkejì. Frederick Forbes, ọ̀gá nínú ọmọ-ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ sí Àbómè ní 1849 àti 1850. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ọ̀kan nínú àwọn obìnrin ológun náà sọ pé àwọn kì í ṣe obìnrin mọ́, àwọn ti di ọkùnrin.

Àwọn tó wà lórí odi àti àwọn tó ń gun odi, èrò kan náà ló wà lọ́kàn wọn. Obìnrin tó ru ìbọn láti Àbómè dé Abẹ́òkúta ní láti sọ ara rẹ̀ di ọkùnrin kí ó tó gbà pé òun láyà. Òyìnbó ló kọ ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ lóòótọ́, òyìnbó kọ́ ló sọ ọ́. Bí a bá ń tún èdè wa ṣe, ẹ má jẹ́ kí a máa ti gbogbo ẹ̀bi sí ìta.

Síbẹ̀, ilẹ̀ yìí kan náà ló ní bí ọkùnrin bá rí ejò, tí obìnrin bá pa á, kí ejò má ṣáà ti lọ. Àwọn olùkọ́ kan máa ń tú òwe yìí pé ó ń gbé obìnrin ga. Kò ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì rẹ obìnrin sílẹ̀. Ejò ló gbájú mọ́. Òwe náà kò ní obìnrin pa ejò bí ọkùnrin; ó ní ó pa á, ó tán.

Akọ igi àti oje rẹ̀

'Akọ igi kì í ṣoje.' Òwe tí a fi ń ti 'ọkùnrin kì í sunkún' lẹ́yìn nìyẹn. A kò ní ìjà pẹ̀lú òwe, ṣùgbọ́n a ní ìbéèrè fún ẹni tó ń pa á fún ọmọ ọdún mẹ́jọ. Kí ni oje ń ṣe lára igi? Ó ń jáde níbi tí àdá ti bà á. Igi tí a ṣá tí kò ṣoje, ó ṣeé ṣe kí ó ti gbẹ láti ìdí.

Ta ni a tilẹ̀ lè pè ní ọkùnrin mẹ́ta ju ọdẹ lọ? Òun ló ń sùn sínú igbó, òun ló ń dojú kọ ẹranko tí ẹlòmíràn ń sá fún. Bí ọdẹ bá kú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á kó ara wọn jọ ṣe ìpà ọdẹ, wọ́n á sì sun ìrèmọ̀jé fún un. Bádé Ajùwọ̀n ti ṣe iṣẹ́ ńlá lórí ìrèmọ̀jé, àwọn tó bá fẹ́ mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ mọ ibi tí wọn yóò yà sí. Ohun tó kàn wá níbí ni ọ̀rọ̀-ìṣe náà. A ń sun rárà, a ń sun ìrèmọ̀jé, a sì ń sun ẹkún. 'Sun' kan náà ni. Àwọn ọkùnrin tó le jù nínú àṣà wa ní ọjọ́ tí wọ́n yà sọ́tọ̀, ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ àti ohùn tí wọ́n kọ́ fún sísọ pé nǹkan dùn wọ́n. Kò sí ẹni tó ń bi wọ́n bóyá obìnrin ni wọ́n. Ọmọ tó wà ní kíláàsì kẹta ni a ní kò gbọdọ̀ sun tirẹ̀ níbì kankan.

Ohun tó tún ń gún wa lọ́kàn títí di òní ni pé ìkíni ni iṣẹ́ ọjọ́ yẹn. Lójú pátákó, ní ẹ̀yìn akẹ́kọ̀ọ́ wa gan-an, 'Ẹ kú ewu ọmọ' wà níbẹ̀ nínú àwọn ìkíni tó kọ. A ń kí obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní 'ẹ kú ewu', bí a ti ń kí ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ dànù lójú ọ̀nà tí ó yè é. Ọ̀rọ̀ kan náà ni a fi ń wọn ewu méjèèjì. Kò sí agbẹ̀bí tó jẹ́ sọ fún obìnrin lórí ìkúnlẹ̀ pé kí ó ṣe bí ọkùnrin. Ọkùnrin tó fẹ́ fi jọ kò tilẹ̀ sí nínú yàrá. Olùkọ́ tó kọ ìyẹn sójú pátákó ló yíjú padà tó bi ọmọ bóyá obìnrin ni, bí ẹni pé obìnrin ni orúkọ mìíràn fún ẹni tí kò lè fara da nǹkan. Nínú kíláàsì tó rẹ́rìn-ín, àwọn ọmọbìnrin pọ̀ tó ìdajì. Wọ́n rẹ́rìn-ín pẹ̀lú. Ẹ̀kọ́ tí àwọn náà gbà lọ sílé lọ́jọ́ náà kò sí nínú ètò iṣẹ́ tí a buwọ́ lù.

Àwọn oníwàásù fẹ́ràn 'ẹ ṣe bí ọkùnrin', wọ́n á sì ní Bíbélì ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ẹ ṣí Sámúẹ́lì kìn-ín-ní, orí kẹrin. Àwọn Filísínì ló ń fi í gba ara wọn níyànjú nítorí ẹ̀rù ti bà wọ́n. A rò pé àwọn tó ń bẹ̀rù ló ṣì ń lò ó jù títí di òní: olùkọ́ tí ẹkún ọmọ dẹ́rù bà, bàbá tí kò mọ ohun tí yóò ṣe sí i.

Ohun tó wà nílẹ̀

Nígbà tí a ka díẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí fún àwọn ẹlẹgbẹ́ wa, ọ̀kan nínú wọn bi wá bóyá a fẹ́ sọ ọmọkùnrin di ọ̀lẹ ni. Ó ní ayé tí àwọn ọmọ yìí ń bọ̀ wá bá kò rọ̀, kí a jẹ́ kí wọ́n le. A gbà pé ayé kò rọ̀. Ọmọ tí kò lè fara da ìyà díẹ̀ kò lè kàwé yege, kò lè kọ́ṣẹ́, kò lè bójú tó ilé. Ṣùgbọ́n ta ló sọ pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni Yorùbá ní láti fi kọ́ ọ? Ṣe ọkàn akin. Ṣe gírí. Mọ́kàn le. Gbóyà. Ó láyà. Inú ọkàn, àyà àti ojú ni Yorùbá fi ìgboyà sí, kò sì sí ẹni tí a bí láìní wọn. D. O. Fágúnwà pe ọdẹ rẹ̀ ní ògbójú nínú àkọlé ìwé rẹ̀ ti 1938, ojú ló wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ewì J. F. Ọdúnjọ lórí iṣẹ́ àti ìṣẹ́, tí gbogbo wa há sórí ní kékeré, ọ̀rẹ́ ni ó ń bá sọ̀rọ̀, kò bèèrè bóyá ọ̀rẹ́ náà jẹ́ ọkùnrin. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ojú bọ̀rọ̀ kọ́ ni a fi ń gba ọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́. Kò sí òwe tó le ju ìwọ̀nyí lọ, 'ẹni' àti 'a' sì ni wọ́n ń lò.

A gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ kan tí kò ràn wá lọ́wọ́. 'Akin' náà, orúkọ ọmọkùnrin ni ó pọ̀ sí. Akínwùmí, Akíntúndé, Akínyẹlé: ẹ ka orúkọ inú rẹ́jísítà yín wò. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ fún ọmọbìnrin pé kí ó ṣe ọkàn akin, kò ní wò wá bí ẹni tó ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀. Ìyẹn tó fún wa.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ ibi tí a dúró sí. 'Àbí obìnrin ni ẹ́?' kò yẹ nínú kíláàsì kankan. Kì í ṣe òwe, kì í ṣe àkànlò èdè, èébú lásán ni, kò sì sí ogún kankan tí yóò bá a lọ bí a bá fi í sílẹ̀. 'Ọkùnrin kì í sunkún' náà kò yẹ lẹ́nu olùkọ́ sí ọmọ tí nǹkan ń dùn. Nínú ẹ̀kọ́ òwe, kí a kọ́ wọn ní akọ igi pẹ̀lú oje rẹ̀, kí a sì jẹ́ kí wọ́n jiyàn. 'Obìnrin bí ọkùnrin' yóò máa wà nínú ìwé àti nínú oríkì, a kò gbọdọ̀ yọ ọ́ kúrò níbẹ̀, nítorí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ̀ ọ́n kò lè mọ ohun tí àwọn obìnrin Dàhómì ń sọ. Àwa tó ń máàkì ìwé ni kí ó jáwọ́ nínú sísan ẹ̀san fún un gẹ́gẹ́ bí ìtúpalẹ̀. Ní ti 'ọkùnrin mẹ́ta', a ti rò ó títí, a kò rí ẹni tó ń pa lára. Bí ẹnìkan bá rí i, kí ó dìde sọ fún wa.

Fọ́ọ̀mù tí a fi ń ṣàyẹ̀wò ìdánrawò ìkọ́ni ní àyè fún ètò iṣẹ́, ohun èlò ìkọ́ni, ìlò pátákó, aṣọ olùkọ́, ohùn rẹ̀ àti bí ó ṣe káwọ́ kíláàsì. Kò ní àyè fún ohun tó sọ sí ọmọ tó ń sunkún. Lábẹ́ 'káwọ́ kíláàsì' ni a ti fún akẹ́kọ̀ọ́ wa ní máàkì, nítorí kíláàsì dákẹ́ lóòótọ́. Láti sáà tó tẹ̀lé e, a ti ń fi bírò kọ ìlà kan sí etí fọ́ọ̀mù náà kí a tó jáde nílé: ǹjẹ́ ó bi ọmọ léèrè ibi tó ń dùn ún? Máàkì márùn-ún ni a ń fún un, a sì ń yọ ọ́ lára ti aṣọ.